Afárá Tí Tíṣà Ní Nọ́ńbà Ń Kọjá

Tíṣà lẹ́sìnnì náà jókòó sórí àga tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ sọ́run, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì sọ fún ọmọ ọmọ mi pé bí nọ́ńbà bá ti kọjá afárá, ó ti yí padà nìyẹn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú kòkó tí mo sá. N kò fẹ́ dá sí i. Ìyá ọmọ náà ló wá tíṣà yìí láti Àkúrẹ́, òun náà ló sì ń sanwó fún un, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n etí mi kò di.

"Afárá wo?" Mo bi í láti ibi tí mo wà.

"Màmá, máàsì là ń ṣe o."

"Mo gbọ́ pé máàsì ni. Afárá wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn ọmọ tó ti lọ sí pólì máa ń rín sí arúgbó. Ó gbé ìwé wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni x, ó fi 17 kún un, ó ní ó jẹ́ 45, kí ọmọ wá wádìí iye tí x jẹ́.

"Ṣé ẹ rí ìlà méjì kékeré tó sùn lórí ara wọn yìí, Màmá? Íkúwà ni. Òun ni afárá. Sẹ́fúntíìn wà lápá ìhín, púlọ́ọ̀sì ni. Tí a bá fẹ́ kí x dá wà, sẹ́fúntíìn máa kọjá lọ bá fọ́tí-fáìfù lódìkejì. Bó ṣe ń kọjá báyìí, ó di máínọ́ọ̀sì."

"Kí ló ṣe é lórí afárá?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá. Òfin ni."

"Àbí àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà ló pàdé níbẹ̀, tí wọ́n gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀?"

Ọmọ ọmọ mi da orí bo ìwé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú," mo ní. "Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń kọjá odò Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó. Mo ti ru ẹrù kọjá, mo ti pọn ọmọ kọjá, mo ti jókòó sínú mọ́tò kọjá. N kò tíì débẹ̀ rí kí n di ẹlòmíràn. Bí mo ṣe gorí afárá ni mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀."

Mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí ni, ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn ṣàgbà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú un wọ ilé mi. Ọmọ ọmọ mi yìí, ọmọ tí àkọ́bí mi obìnrin bí, ọ̀dọ̀ mi ní Aládé ló ti dàgbà, nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbélé. Ó wà ní JSS 3. Ní ilé ìwé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pín wọn: àwọn kan á lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, àwọn kan á lọ sí áàtì. Ẹni tí kò bá gba ààbọ̀ máàkì nínú máàsì, kó má wulẹ̀ wo apá ibi tí sáyẹ́ǹsì wà. Ọmọ yìí sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe bí àwọn ọmọdé ti máa ń fẹnu lásán sọ pé àwọn á wa ọkọ̀ òfuurufú. Òun ló ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láràárọ̀. Òun ló mọ èyí tí mo gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ṣáájú àti èyí tí kò fẹ́ oúnjẹ. Nígbà kan tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, tí ọmọbìnrin tó di abẹ́rẹ́ mú ń gún mi kiri bí ẹni ń wá omi nínú òkúta, ọmọ yìí ló dúró tì mí tó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de rọ́bà yẹn lókè díẹ̀ sí i." Wọ́n dè é lókè, iṣan yọ.

Bó bá bá ara rẹ̀ ní áàtì, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti parí. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Mo wá rí ìwé ìdánwò kékeré kan tí wọ́n dá padà fún un. Pupa ni gbogbo ojú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa adìẹ lé e lórí. Tíṣà ilé ìwé wọn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọmọ yìí ń fi iṣẹ́ ṣeré, pé ó lè ṣe é bó bá wù ú. Ohun tó mú un sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ gba àwọn kan, ó kùnà àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó ní x kún 12 jẹ́ 34, ọmọ ní 22 ni x, ó gbà á. Èyí tó tẹ̀ lé e, x kún 17 jẹ́ 45, ọmọ tún ní 22 ni. Tíṣà fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ṣé ìdáhùn kan náà ló fẹ́ máa pín fún gbogbo ìbéèrè bí ẹni ń pín ṣúgà?

Èyí kò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú wà lókè rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ṣe é ní ìpele ìpele, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sílẹ̀. Ọmọ mi kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ rèé:

x + 20 − 3 = 50 − 5

Tíṣà fi pupa yí ogún náà po, ó wá béèrè pé, "Níbo lo ti rí ogún?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Níbo ló ti rí ogún! Nínú ilé mi ló ti rí i. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa tọ́jú àwọn àbúrò mi, Bíbélì ni kò jẹ́ kí kíkà mi sọnù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún, ogún ni, mẹ́ta ló dín nínú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta ni, márùn-ún ló dín nínú rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti ń já nìyẹn, bó ṣe ń jáde lẹ́nu wa náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ ọ́. Tíṣà méjì, ti ilé ìwé àti ti lẹ́sìnnì, ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé, wọ́n wá ń bi ọmọ pé níbo ló ti rí ogún. Bí ẹnìkan bá ní kí wọ́n ka nǹkan ní Yorùbá, wọ́n á dé orí mẹ́wàá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo wá sọ fún ọmọ pé kó má dá wọn lóhùn, pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, àwọn ni kò mọ̀ ọ́n.

"Màmá, wọ́n ní kò tọ̀nà."

"Àwọn wo?"

"Ìdáhùn rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé máàsì wa. Twenty-eight ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Mo ní kó lọ gbé omi kaná.

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó pè mí lórí fóònù láti Àkúrẹ́. Ọmọ tèmi yìí gbà pé kò sí ìyà kan láyé tí fóònù kò lè wò. Ó ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Nǹkan wà báyìí tó jẹ́ pé wọ́n á ya máàsì ní fọ́tò, fóònù á ṣe é fún wọn, á kọ gbogbo ìpele rẹ̀ jáde. Mo ti fi fóònù mi àtijọ́ rán awakọ̀."

Fóònù dé lóòótọ́. Ọmọ ya ìwé rẹ̀ ní fọ́tò, fóònù pariwo díẹ̀, ó kọ ìpele kìíní, ó kọ ìkejì, ó kọ ìkẹta. Ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ojú ìwé náà mọ́ tónítóní, ẹ ó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri. Mo jókòó tì í.

"Kí ni ìpele kejì yìí ṣe?"

Ó wo ìwé, ó wo fóònù. "Mi ò mọ̀, Màmá. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́."

"Lọ́jọ́ ìdánwò, ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni fóònù máa jókòó sí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé òun ló fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn abọ́ tí a kì í lò àfi bí àlejò bá dé. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ fún ọmọ tí ọmọ kò lágùn, tí kò sì gbọ́n sí i, kí ni ìwúlò rẹ̀? Ó dà bí kí n máa jẹun dípò rẹ̀ kí n sì máa retí pé kó sanra.

Mo gbé báírò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́, àwọn ìyá á kó báírò àwọn ọmọ wá síwájú pẹpẹ, wòlíì á gbàdúrà lé e. N kò fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́, mo wọ aṣọ funfun mi, mo kúnlẹ̀, mo sọ tèmi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé odidi páálí báírò wá. Mo mọ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ìdí bọ́ọ̀lù ló máa ń wà láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Mo rọra bi í pé, "Ìyá, gbogbo èyí ńkọ́?"

"Màmá, mo fẹ́ kí iná ẹ̀mí pọ̀ nínú rẹ̀."

"Ọlọ́run á ṣe é. Kí ni báírò náà fẹ́ kọ?"

Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Títí di òní, ó ń kí mi bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ìyá rẹ̀ bá wá tíṣà lẹ́sìnnì fún un. Ó ń bọ̀, ó ń lọ. Ohun tó ń bá ọmọ sọ kò yí padà. Ọmọ á ṣe é, á bá 22 jáde, tíṣà á ní, "Mo ní ó máa yí padà tó bá kọjá! Ṣé o kò gbọ́ ni?" Ọmọ á ní, "Mo yí i padà, sà." Tíṣà á ní, "Tún un ṣe." Ó tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn líle, bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ kò gbọ́ràn. Ó lu tábìlì mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, tábìlì kò kọ máàsì.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìdánwò dé, ọmọ yìí kò jẹun dáadáa mọ́. Mo bá a níbi tó ń fọ abọ́, ó dúró, omi ń ṣàn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ní áàtì, ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe lọ́yà?" N kò fẹ́ràn ohùn tó fi sọ ọ́. Ohùn ẹni tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Mo ní, "Fi abọ́ sílẹ̀, a ń lọ sóko."

Ẹni tó ń bá wa ṣe oko kòkó, tí a jọ ń pín in, ti já kòkó sílẹ̀, ó ti kó o jọ, a kò tíì fọ́ ọ. Òkìtì òkìtì ló wà lábẹ́ igi. Inú oko tutù, ewé gbígbẹ ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo wá òkúta kan, mo jókòó lé e. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ yìí kò yarọ, ìwé wọn ló ya arọ, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo ní, "Ka márùndínláàádọ́ta sílẹ̀ fún mi."

Ó kà á, márùn-ún márùn-ún, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá.

"Mú mẹ́tàdínlógún kúrò níbẹ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é lóko wa, ẹni tó bá fẹ́ kó mẹ́tàdínlógún kì í máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á kó márùn-ún, á kó márùn-ún, á kó márùn-ún, á kó márùn-ún, ogún ti pé. Lẹ́yìn náà á dá mẹ́ta padà sínú òkìtì. Ó yá, a kì í sì í ṣì í kà. Ọmọ kó ogún. Ó mú mẹ́ta, ó jù wọ́n padà. Ó ka ìyókù.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, Màmá."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ìwé wọn ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Èyí tí ìwọ kọ ńkọ́?"

"Méjìlélógún."

"O ò rí i pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọ," mo ní. "O mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ń na ẹsẹ̀ lórí àga ẹni ẹlẹ́ni ni kò jẹ́ kó..."

Kò gbọ́ mi mọ́. Ó lóṣòó síwájú òkìtì, ó mú èso kòkó kan dání, ó ń wò ó.

"Màmá, mo dá a padà."

"Kí lo dá padà?"

"Mẹ́ta. Mo dá a padà níbí. Nínú ìwé, n kò dá a padà. Mo tún kó o lọ ni."

Ohun tó ń sọ kò yé mi, mo sì sọ fún un pé kò yé mi. Ó fa àdá mi lọ́wọ́ mi, ó gbá ewé kúrò nílẹ̀, ó fi ẹnu àdá kọ ọ́ sórí erùpẹ̀. Àádọ́ta dín márùn-ún, ìyẹn ni òkìtì. Kí a kó ogún kúrò. Lẹ́yìn náà, lórí ìwé, nítorí pé àmì tó wà níwájú mẹ́ta jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kó mẹ́ta mìíràn lọ lórí ogún. Mẹ́tàlélógún ló kó, ó ń pè é ní mẹ́tàdínlógún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, olè ni ọ́," mo ní. "O jí mẹ́fà."

"Olè ni mí, Màmá!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ti kùnà tẹ́lẹ̀ fún mi, èyí tó rántí. Mẹ́tàdínlógún, ó kùnà rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì, ó kùnà rẹ̀. Méjìlá, ó gbà á. Mẹ́rìnlélógún, ó gbà á. Gbogbo èyí tó ní "dín" nínú ló ń kùnà. Gbogbo èyí tó ní "lá" tàbí "lé" nínú ló ń gbà. Nǹkan tí tíṣà méjì ń wò tí wọ́n ní eré ni.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún tíṣà lẹ́sìnnì jọ. Mo ti mú àwọn tó korò sọ́tọ̀. Àfi bí ọmọ ṣe jókòó sórí ewé, tó ní, "Màmá, tíṣà tọ̀nà o."

"Nínú kí ni?"

"Pé ó ń yí padà. Ogún jẹ́ púlọ́ọ̀sì, ó kọjá, ó di máínọ́ọ̀sì, mo yí òun padà. Mẹ́ta jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ó yẹ kí òun náà yí padà di púlọ́ọ̀sì. N kò yí i, mo rò pé ara kan náà ni òun àti ogún. Tí mo bá ṣe é bí tíṣà ṣe sọ, ó jẹ́ twenty-eight."

Mo bọ gèlè mi, mo tún un wé. Kò sí ohun tó ṣe gèlè náà.

"Afárá kankan kò sí níbẹ̀," mo ní nígbẹ̀yìn. "O kó, o dá padà. Ó tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni."

Kò dùn mọ́ mi. Kì í ṣe pé ohun tí ọkùnrin náà sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí n kò lè gbé mì ni pé ó dì í mú bí ẹni di kọ́kọ́rọ́ mú tí kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí, tí ó kàn ń mì í létí ọmọ. Bó bá ti bi ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Kí lo ṣe níbí, sọ ọ́ fún mi," ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán kí ó tó lu tábìlì mi.

Nígbà tó tún wá, ọmọ fi hàn án. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ogún, mẹ́ta, òkìtì, ohun gbogbo. Tíṣà wo ìwé náà pẹ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kí ló dé tí o ò kàn kọ sẹ́fúntíìn?"

"Sẹ́fúntíìn náà ni mo kọ, sà."

"Mo mọ̀. Mo ti rí i báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa máàkì ìdánwò yìí, ìwé rẹ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́. Tó bá rí ogún, á fi pupa fà á, á lọ. Tí o bá kọ sẹ́fúntíìn bó ṣe wà, nǹkan kan ṣoṣo ló máa kọjá, nǹkan kan ṣoṣo ni o máa yí padà. Ibi tí o ti ń ṣe àṣìṣe á parẹ́."

Ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó sọ láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga ọkọ mi nìyẹn. Bí mo ṣe fẹ́ kó ti ẹnu ẹlòmíràn jáde tó, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Mo bù fún un nínú iṣu tí mo sè, mo sì fi ọ̀rọ̀ korò tí mo ti tò jọ sílẹ̀ sínú mi. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo lè nílò wọn.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ọmọ wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó mú báírò tí wòlíì gbàdúrà lé. Mo tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tó bá ṣòro, màá fi tiwa ṣe é ní ẹ̀yìn ìwé, màá wá fagi lé e."

"Kí ló dé tí o máa fagi lé e?"

"Kí wọ́n má baà bi mí pé níbo ni mo ti rí i."

Ó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí n kò fi rí i mọ́, mo sì bínú, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Ọmọ máa fi ọ̀nà tó gbà gbọ́n pamọ́ sẹ́yìn ìwé bí ẹni fi aṣọ tó ya pamọ́ kí àlejò má baà rí i.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Máàkì rẹ̀ nínú máàsì kò ga, n kò ní í purọ́, ṣùgbọ́n ó kọjá ààbọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ó sá wálé pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, ìkejì ti já lọ́nà.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí àwọn tó kọ́ ọmọ náà ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá rẹ̀ pè láti Àkúrẹ́, ó ń pariwo ayọ̀, ó ní, "Màmá, mo sọ fún yín! Mo ní fóònù yẹn á ràn án lọ́wọ́!" Fóònù náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, abọ́ jókòó lé e lórí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó gbé páálí báírò wá kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kí n gbọ́ pé àwọn kan wà tí báírò kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún, pé kí a máa dúpẹ́. Ọmọ tirẹ̀ lọ sí áàtì, àwọn báírò náà sì wà nínú páálí wọn, wọ́n mọ́ gbégbé.

Tíṣà lẹ́sìnnì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó mú ìyá ọmọ mìíràn dání wá sí ilé mi kí obìnrin náà wá fojú ara rẹ̀ rí ọmọ tó kọ́.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún un. Ọmọ yín ńkọ́? Ṣé kò gbà á?"

"Ó gbà á," mo ní.

"Afárá yẹn ni, Màmá! Bí afárá yẹn bá ti yé wọn báyìí, ó parí."

Obìnrin náà wò mí, ó fẹ́ gbọ́ tèmi. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, bí tèmi náà kò ṣe balẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kùnà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó fi ọwọ́ ṣe é fún yín. Ẹ má bá afárá sọ̀rọ̀. Ọ̀wẹnà nìkan ni mo mọ̀, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó tún na ẹsẹ̀ lórí àga náà.

Ọmọ jáde láti inú yàrá pẹ̀lú oògùn mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní tuntun ni, kékeré ni wọn, funfun, nínú ike ńlá kan tó ju ti oṣù kan lọ. Ó fẹ́ ya ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀. Ó da wọ́n sórí àwo, ó ń fi ìka kó wọn, márùn-ún márùn-ún, tíṣà ń sọ̀rọ̀, obìnrin náà ń gbọ́, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó dé orí ọgbọ̀n. Ó mú méjì, ó dá wọn padà sínú ike.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, Màmá," ó ní. Ó mú báírò, ó kọ 28 sára ọ̀rá oògùn náà, ó sì kọ 30 − 2 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dúró kí n wò ó bóyá á fagi lé e. Kò fagi lé e.